Àdúrà Lórí Ìrì Dídì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ fún yín bí àdúrà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tú Ọmọ́ṣọlá àti Àkànmú ká ní Dagenham.

Àárọ̀ kan tí ewé ń wọ́, tí òtútù ń mú, ni wọ́n pàdé. Ọmọ́ṣọlá ń ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, ló bá ní kóun gba inú pápá gọ́ọ̀fù já sílé ní Alibon.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Àkànmú, tó ń tọ́jú koríko pápá náà, ló ń sáré bọ̀, okùn tó fi ń dínà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni àǹtí yín? Torí koríko lẹ ṣe ń pariwo báyìí?"

"Ìrì ti dì mọ́ ọn lára ni. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, inú rẹ̀ á fọ́. Kó tó dọ̀sán, gbogbo ojú ẹsẹ̀ á dúdú, kò sì ní hù padà títí òtútù á fi lọ."

Ọmọ́ṣọlá bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ fún koríko! Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn níbẹ̀.

Ìyá Ọmọ́ṣọlá ni kò gbà. Ìyá ìjọ ni, nínú ìjọ Aládùúrà kan tó ń ṣe ìsìn nínú ilé ìkẹ́rùsí ní River Road.

"Agékoríko? Ìwọ tí mo fi àwẹ̀ tọ́?"

"Mọ́mì, wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Lóṣù tó ń bọ̀ wọ́n á fìdí iṣẹ́ ẹ̀ múlẹ̀."

"Tí wọ́n bá fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kó wá rí mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má dé ẹnu ọ̀nà mi."

Ṣùgbọ́n abiyamọ ni. Ní ìdájí ọjọ́ kan, láìsọ fún ọmọ rẹ̀, ó kó àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà bí ìṣe wọn, wọ́n ré okùn Àkànmú kọjá, wọ́n sì yí ibi tí koríko ti dán jù ká lẹ́ẹ̀méje, wọ́n ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún Àkànmú níṣẹ́ náà.

"Mo ti bá ọkọ ẹ parí ẹ̀," ó wí nígbà tó délé, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. "Gbogbo ibẹ̀ funfun bí aṣọ wa. Ìṣẹ́gun nìyẹn!"

Ọmọ́ṣọlá rántí ọ̀rọ̀ ìrì dídì. Ó pe Àkànmú lórí fóònù, ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe fún un, ó sì sáré lọ bá a. Ojú ẹsẹ̀ ti dúdú kirikiri káàkiri, ìka ẹsẹ̀ ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ṣe èyí?" Chloe, ọ̀gá Àkànmú, béèrè.

"Èmi ni mi ò ta okùn dáadáa," ni Àkànmú dáhùn. "Ẹ̀bi mi ni."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ní kó máa lọ.

"Kí ló dé tí o ò sọ òótọ́?" Omijé ń dà lójú Ọmọ́ṣọlá.

"Ìfẹ́ mi, kí n fẹjọ́ ìyá ẹ sun òyìnbó? Ojú wo ni màá fi pè wọ́n ní ìyá? Ṣèlérí fún mi pé o ò ní sọ fún wọn."

Ó ṣèlérí. Àmọ́ nígbà tí Màmá gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Àkànmú, ó pàtẹ́wọ́.

"O rí i? Mo gbàdúrà, Ọlọ́run dáhùn: kì í ṣe ọkọ ẹ! Pamílẹ́rìn, ọmọ Wòlíì ìjọ wa, tó ń wa lọ́rì ní Dagenham Dock, ń béèrè ẹ."

Ọmọ́ṣọlá ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Mọ́mì, ẹsẹ̀ yín ló lé e lẹ́nu iṣẹ́! Ó mọ̀, ó sì bò yín láṣìírí!" Ó ṣàlàyé ìrì dídì fún un látòkè délẹ̀.

Ọbẹ̀ ń jóná, Màmá ò yíjú sí i.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Chloe ní pápá, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ dúdú náà. "Èmi nìyí. Àkànmú ọmọ mi ò mọ nǹkan kan."

"Mo gbà yín gbọ́, màmá. Ṣùgbọ́n a ti gba ẹlòmíì."

Chloe bá Àkànmú wá iṣẹ́ sí pápá kan lọ́nà jíjìn, ní Scotland. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Màmá bá wọn dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Barking. Àkànmú dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ilẹ̀ tutù. Àdúrà tí màá tún gbà fún ẹ, inú ilé ni màá ti gbà á." Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù. "Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Ìkirè, mà."

"Ní kí wọ́n wá tọrọ ìyàwó ẹ lọ́wọ́ mi."

Ọkọ̀ gbé e lọ. Ọmọ́ṣọlá sunkún délé, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ṣẹ̀fíátù, tí òun àti Ọmọ́ṣọlá jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní títí di bá a ṣe ń sọ yìí, tí Ọmọ́ṣọlá bá jí láàárọ̀, òtútù Scotland ló máa kọ́kọ́ wò lórí fóònù kó tó mọ aṣọ tí yóò wọ̀ jáde ní Dagenham.