Ẹni Tí Ó Ń Mú Ìyìn Jáde Ní Ìdájí

Nínú oko ẹ̀gẹ́ kan lójú ọ̀nà Ilora ni wọ́n ti rí òkú Ìyìn, gólíkípà tí gbogbo Fìdítì fi ń yangàn. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún!

Kí wọ́n tó gbẹ́ sàréè, ìlú ti mọ ẹni tó pa á. Àlàkẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n Nehemiah bàbá Ìyìn, opó tí kò bímọ, tó ti ilé ọkọ ní Ilora padà wá sílé baba rẹ̀. Ìyá Ilora ni Hannah, ìyá Ìyìn, ń pè é. Láti ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù kan ti gba abẹ́ ẹsẹ̀ Ìyìn wọlé, tí èrò pápá sì bú u títí kan ìyá tó bí i, ọmọ náà kò sùn mọ́. Lóṣooṣù, kí àkùkọ tó kọ, òwìwí a ké lórí igi mángòrò, Ìyá Ilora a sì fà á lọ́wọ́ jáde bí olè. Hannah fojú ara rẹ̀ rí i.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, wọ́n da ẹrù Ìyá Ilora síta.

"Ẹ jẹ́wọ́!" Wòlíì Ọlọ́runfẹ́mi pariwo. "Àwọn wo lẹ jọ pín ẹran ọmọ náà jẹ?"

"Wòlíì, eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu mi. Ẹ̀bà gan-an, mò ń bẹ̀ ẹ́ ni kó tó wọlé."

Ẹnì kan tutọ́ sí i lójú. Hannah rí i, inú rẹ̀ sì dùn.

Ìgbà náà ni Anwar, ọmọ Iware tí òun àti Ìyìn jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

"Ẹ fi ìyá àgbà sílẹ̀! Ọsibítù ni wọ́n ń mú Ìyìn lọ n'Íbàdàn. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Èmi náà ń gba oògùn níbẹ̀. Bí kóòṣì bá gbọ́, wèrè ló máa pè wá, á sì gba jẹ́sì lọ́rùn wa. Ìyìn ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ. Màmá Ìyìn, ṣé ó lo oògùn rẹ̀?"

Nehemiah yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Hannah, èyí tí o dà sí ṣáláńgá yẹn ńkọ́?"

"Wòlíì ló ní májèlé àjẹ́ ni! Ìwọ náà kọ́ lo tilẹ̀kùn mọ́ ọn?"

Òótọ́ ni. Wọ́n fi ọmọ sínú ààwẹ̀ ọjọ́ méje, láìjẹ, láìmu. Lọ́jọ́ karùn-ún ó já ilẹ̀kùn, ó sáré gba ọ̀nà Ilora lọ nínú oòrùn, ó ń kígbe pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Kàkà kí wọ́n sá tẹ̀lé e, orin ni wọ́n gbé sókè sí i. Hannah rántí bí òun ṣe pàtẹ́wọ́ tó.

"Ìfẹ́ Ọlọ́run ni," Wòlíì wí, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Ọlọ́run wo?" Ìyá Ilora bi í. "Nígbà tí Èlíjà ní kóun kú, ṣebí àkàrà àti omi ni áńgẹ́lì gbé wá fún un."

Hannah kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó di ẹrù náà mú. "Ìyá Ilora, ẹ dárí jì mí. Ẹ padà sínú ilé. Ẹnikẹ́ni ò ní lé yín mọ́."

Ìyá àgbà gba ẹrù rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gun ẹ̀yìn ọ̀kadà Anwar.

"Ìyàwó, mo ti dárí jì yín. Òórùn yín ni n ò lè fara dà."