Ọmọ Tí Mo Fi Dán Ìkànnì Wò

"Mọ́mì, tí ilé ìwé bá parí, ta ló ń lọ mú ọmọ yẹn wálé?"

Ọmọbìnrin mi ló béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gbé àgbọ̀n lé èjìká mi, ó ń wo kọ̀ǹpútà. Mo wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo òkè àjà.

N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gbọ́. Ojú mi ló ṣe. Ọkọ mi tó jẹ́ ẹlẹ́rìí ṣì ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì bí mo ti ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń kọ́ ìkànnì fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Èmi nìkan ni. Tábìlì ìjẹun wa ni ọ́fíìsì mi. Àwọn irinṣẹ́ tí mo ń lò, àtẹ, kàlẹ́ńdà, máàpù, ẹlòmíì ti sè wọ́n jinná kalẹ̀. Tèmi ni kí n bù wọ́n sáwo. Iléeṣẹ́ kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ ilé ìwé ló gbéṣẹ́ fún mi. Bí ọmọ bá wọ bọ́ọ̀sì, kí fóònù òbí dún. Bó bá sọ̀kalẹ̀, kó dún.

Kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó jáde, a ní láti fi ẹnì kan dán an wò. Mo bá dá ọmọ kan sílẹ̀. Mo fún un ní ọjọ́ orí, mo fún un ní kíláàsì. Fún àwòrán, mo fi orí kan tó ní àwọ̀ eérú sí i, orí tí kò ní ojú. Mo tẹ máàpù níbi tó wù mí, iwájú ṣọ́ọ̀bù táyà kan tí wọ́n ti tì pa, pé ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì yóò máa já a sí. Ìkànnì ní òun fẹ́ nọ́ńbà òbí. Iṣẹ́ ń kán mi lójú. Mo fi tèmi sí i.

"Ìwọ tó ń fi kíbọ́ọ̀dù bímọ," ọkọ mi ní, "ṣé kí n lọ ra ìledìí?"

Èmi àti òun rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa kò rẹ́rìn-ín.

Òní ni mo parí. Mo pa ibi tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, mo sì pa kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán ni. Ilé dákẹ́. Fóònù mi dún.

*Òbí ọ̀wọ́n, ọmọ yín ti sọ̀kalẹ̀.*

Mo fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó tutù.

"Àtẹ̀jíṣẹ́ àná ni," ọkọ mi ní. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."

Ó tún dún. *Òbí ọ̀wọ́n, kò tíì sí ẹni tó wá mú ọmọ yín.*

Mo da ojú fóònù délẹ̀, mo lọ ń gé àlùbọ́sà. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i.

*Ó ti ń ṣú.*

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìkànnì yẹn lè sọ, èmi ni mo kọ ọ́. N kò kọ èyí.

Mo pe ọ̀gá iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Mo sọ ọ́ fún un.

"Màdáámù, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ pa ọmọ àdánwò yẹn rẹ́. Àárọ̀ ọ̀la la fẹ́ ṣí ìkànnì."

"Ọmọ ń dúró lójú títì, ẹ ní kí n pa á rẹ́?"

"Ọmọ wo? Ọmọ tí kò sí!"

"Ẹni tí kò sí kì í dúró de èèyàn, ọ̀gá."

"Tí ẹ ò bá pa á rẹ́, a ó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì."

"Ẹ gbé e fún un. Ọmọ yìí kò ní bá a lọ."

Ó já fóònù mọ́ mi létí. Iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣubú lu èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, n kò pè é padà.

Ọkọ mi mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Ká lọ rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí o lè jẹun."

Ọmọ wa jókòó sẹ́yìn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù táyà ṣókùnkùn. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ajá kan kò gbó.

"Ṣé o rí i?" ọkọ mi ní.

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹkún, mo ti sọ̀kalẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ pè mí ní wèrè, kí wọ́n pè mí.

"Wọlé, ọmọ mi," mo ní. "Má bínú pé mo pẹ́."

Ọmọ wa sún fún un láyè. Mo ti ilẹ̀kùn.

Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tín. Tín. Tín. Bó ṣe máa ń ké nìyẹn bí ẹni tó wà lẹ́yìn kò bá de bẹ́líìtì.

"De bẹ́líìtì rẹ," ọkọ mi ní.

"Mo ti dè é, Dádì."

Lóòótọ́, ó ti dè é. Mọ́tò ń ké. Ọmọ wa na ọwọ́, ó fa bẹ́líìtì kejì kọjá lórí ìjókòó òfìfo, ó tì í bọ ihò rẹ̀. Gbogbo nǹkan dákẹ́.

Ọkọ mi rọra wakọ̀ bí ẹni tó kó ẹyin. Bẹ́ẹ̀ la ṣe délé.

Ọ̀gá tún pè. "Ṣé ẹ ti pa á rẹ́?"

"N kò pa á rẹ́, n kò sì ní pa á rẹ́. Ẹ má pè mọ́ lálẹ́ yìí. Àwọn ọmọ mi fẹ́ sùn."

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ. N kò kó o jẹ.

Ọmọ wa sùn mọ́ ògiri, ó fi ìdajì bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ pa iná. Ó ní ó ń ta òun lójú."

N kò béèrè ẹni tó ní bẹ́ẹ̀. Mo pa iná.

Ní báyìí, ọkọ mi ti ṣíwọ́ yíyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ. Mo gbọ́ èémí. N kò ka iye ẹni tó ń mí. Mo fa aṣọ ìbora títí ó fi dé etí bẹ́ẹ̀dì lápá ọ̀hún, mo rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ kí òtútù má bàa wọlé.

Ilé ti sùn.