Ìṣirò Iná Jórin

"Bá mi gbé páànù méjì yẹn wá, kí n fi dí afẹ́fẹ́," Ràmọ́nì jórinjórin wí fún Àwáwù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1985 ni, ọyẹ́ sì ń gbá eruku káàkiri Ṣakí. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n máa gbé táńkì omi mọ́ṣáláṣí lé ló ń jó.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá Kékeré. Ẹ tún dín iná kù, kó má baà dá irin lu. Kọ̀ǹpútà ti bá wa ṣírò ó."

Yunifásítì ni Àwáwù ti ń kọ́ nípa ẹ̀rọ. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lórí iná mànàmáná tí jórinjórin fi ń yọ́ irin: ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí atẹ́gùn gbígbóná inú iná náà ṣe ń ṣàn, àti bí ooru rẹ̀ ṣe ń wọ irin lára. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó fi afẹ́fẹ́ ìta kún ìṣirò náà, kó sì jó irin gidi wò. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ nídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n ní. "Ta ló máa mọ̀?" ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. Àwáwù bá ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ kò sí láyé, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti dán an wò.

Ó yẹ kó sọ òótọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ràmọ́nì, tí kò kàwé kọjá ilé kéú, rẹ́rìn-ín ayọ̀. "Ọmọ wa ti di ọ̀mọ̀wé!" Ó fi páànù sílẹ̀, ó dín iná kù.

Ojú ibi tó jó náà dán, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àti iná tí kò tó kò jẹ́ kí irin méjèèjì yọ́ wọnú ara wọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe fa omi kún táńkì, ẹsẹ̀ kan já. Ràmọ́nì ti ìyá àgbà kan tó ń ṣe àlùwàlá kúrò lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n táńkì náà rún ọwọ́ ọ̀tún òun fúnra rẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ọwọ́ náà níbi ìgúnpá.

"Bàbá Kékeré, mi ò dán an wò," Àwáwù jẹ́wọ́ nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. "Irọ́ ni mo kọ."

Ràmọ́nì fèsì. "Bọ́mọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo ti mọ afẹ́fẹ́ Ṣakí kí wọ́n tó bí ọ. Ká ní o sọ pé o ò mọ̀ ni, ǹ bá gbé páànù mi." Ó kọjú sí ògiri.

Àwáwù kọ̀wé jẹ́wọ́ fún olùkọ́ rẹ̀. Wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà, ó tún odidi ọdún kan kà. Ràmọ́nì ta ẹ̀rọ jórin rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, kò sì jẹun níwájú àlejò mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ tí ẹ bá kọ sínú ìwé kì í jókòó sínú ìwé. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó ní òun kò mọ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Ọwọ́ tí wọ́n bá ti gé kì í hù.