Ọkùnrin Tí Ó Tẹ̀lé Ìyàwó Rẹ̀ Dé Iyana Iyesi

Bí o bá bá Afọlábí sọ̀rọ̀ ní àsìkò náà, kì í gbọ́ ohun tí o sọ. Ohun tí o kò sọ ni yóò máa wá kiri.

Ọmọ Ìkirè ni. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin ló gbé e wá sí Sango, ó sì ṣe é títí ó fi di ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́. Ó kọ́ ilé sí Itele, àwọn onílé àdúgbò náà sì fi í ṣe alága wọn, nítorí wọ́n ní kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ.

Lóòótọ́ ni. Gbogbo ènìyàn ló ń fura sí. Bí mẹkáníìkì bá tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, á ní ó ti yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí aládùúgbò bá gbé oúnjẹ wá, á ní kí wọ́n gbé e fún ajá. Ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkórè, ṣùgbọ́n bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, á máa wo ẹni tó ń wò ó.

Ọkùnrin yìí ní ohun tí ó ń fi pa mọ́. Ẹfúnkẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ń gbé nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti kékeré, kò lè rìn. Nígbà tí ìyá wọn kú, Afọlábí mú un wá sí Itele. Ó ń fún un ní oúnjẹ àti aṣọ, ó ra rédíò fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó jáde. Bí àlejò bá béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn ilé, á ní, "Aláìsàn kan ni. Kò fẹ́ rí èèyàn."

Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ènìyàn á máa sọ pé nǹkan kan ń da ìdílé wọn láàmú, wọn á sì gba ipò alága lọ́wọ́ òun.

Ní ọjọ́ kan, Ògúnlàdé wá síbi ìpàdé àwọn onílé. Òun àti Afọlábí ti jọ ṣiṣẹ́ rí, kí ẹ̀rọ tó gé apá ọ̀tún Ògúnlàdé. Lẹ́yìn ìjàm̀bá náà ni Ògúnlàdé gba Jésù gbọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akanda ẹ̀dá jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Iyana Iyesi: àwọn tí kò ríran, àwọn tí kò gbọ́ràn, àwọn tí kò lè rìn. Wọn kì í pín sàráà níbẹ̀. Bí a ṣe ń darí ìpàdé ni wọ́n ń kọ́, àti bí a ṣe ń bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè ṣe olórí ní àdúgbò wọn.

Ògúnlàdé ní, "Alága, ẹ fún àwọn èèyàn wa láyè nínú ìgbìmọ̀ yín. Àárín yín ni wọ́n ń gbé."

Afọlábí wò ó. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Èèyàn kì í dédé ṣe irú èyí. Ta ló fẹ́ gba ipò mi?"

Àwọn onílé rẹ́rìn-ín. Ògúnlàdé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Afọlábí, n kò wá ipò rẹ. Ìwọ gan-an ni Jésù ń wá." Ó kí gbogbo wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí Afọlábí sinmi. Kí ni Ògúnlàdé mọ̀? Ta ló sọ fún un? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ilé ara rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sára Lucy, ìyàwó rẹ̀. Bí Afọlábí bá ti lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, Lucy kì í sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ó bá pè é lórí fóònù, ariwo ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò máa gbọ́. "Ọjà ni mo wà," ni Lucy máa ń wí, ṣùgbọ́n kì í ra nǹkan kan bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, onímàrúwá kan kí i lójú ọkọ rẹ̀ pé, "Màdámù, ṣé Iyana Iyesi náà ni lọ́la?"

Iyana Iyesi. Ibi tí Ògúnlàdé wà. Afọlábí parí ẹjọ́ náà lọ́kàn ara rẹ̀: àwọn méjèèjì ń fẹ́ra.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọṣọ iṣẹ́ bí ẹni tó ń lọ, ó sì sá pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé epo. Nígbà tí Màrúwá jáde láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó tẹ̀lé e títí dé ojú ọ̀nà Ìdírokò, ó sì gba ẹ̀yìn wọ inú gbọ̀ngàn. Ó ti pinnu ohun tí yóò ṣe fún ọkùnrin alápá kan náà.

Ó rí Lucy lóòótọ́. Kẹ̀kẹ́ arọ ni Lucy ń tì. Ẹfúnkẹ́ ló jókòó sínú rẹ̀, ó wọ aṣọ tí Lucy máa ń wọ lọ síbi ìkórè. Ògúnlàdé gbé máìkì fún un.

Obìnrin kan béèrè láti àárín èrò, "Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe olórí ní àdúgbò rẹ, kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe?"

Ẹfúnkẹ́ ní, "Màá wádìí ẹni tí kò lè dá jáde nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá sọ, bí omi bá dé, àwọn tó lè sáré á sáré. Ta ló máa rántí ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn? Èmi mọ yàrá ẹ̀yìn dáadáa."

"Ta ló fi ọ́ síbẹ̀?"

Afọlábí di àga mú. Ó ń retí orúkọ rẹ̀.

Ẹfúnkẹ́ ní, "Ẹni tó fẹ́ràn mi ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Jésù tó mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ti òun náà kúrò."

Ǹjẹ́ ọkàn Afọlábí rọ̀? Rárá. Bó ṣe ń padà lọ, ó ní wọ́n ti rí òun, wọ́n sì ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ Ẹfúnkẹ́ ní ohun tó máa sọ. Ó bá Lucy jà nígbà tó délé.

Lucy ní, "Bàbá Àdúràolúwa, ọmọ ìyá yín ni mo gbé jáde. N kò bá ọkùnrin kankan lọ."

Afọlábí ra àgádágodo, ó fi ti yàrá ẹ̀yìn, ó sì ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun ń dáàbò bo Ẹfúnkẹ́ ni.

Ní àsìkò òjò, ó wà ní ilé iṣẹ́ ní Sango nígbà tí Mùíbátù, obìnrin Mùsùlùmí tó ń ta sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, pè é.

"Alága, omi ti ń wọ ẹ̀yìnkùlé yín. Ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Lucy ló ní kí o pè mí, àbí?"

"Lucy ò sí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Afọlábí pa fóònù náà. Ó wo ìta, òjò fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń rọ̀. Ẹ̀tàn ni, ó wí, wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Mùíbátù tún pè, kò gbé e. Ó ń pè, ó ń pè, Afọlábí sì jókòó, ó ń wò ó.

Ìgbà tí òṣìṣẹ́ kan tó ń gbé lápá Itele wọlé, tí ara rẹ̀ tutù rinrin, tí ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀nà Itele ti di odò," ni Afọlábí tó mú kọ́kọ́rọ́, tó sáré jáde.

Ọ̀kadà gbé e dé ibi tó lè gbé e dé. Ó wọ́ omi lọ títí tó fi mù ún dé ìbàdí. Kò sí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù mọ́. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, kò mọ ohun tí yóò sọ. "Jésù" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó bá àwọn èèyàn lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Ẹfúnkẹ́ ti fún Mùíbátù ní nọ́ńbà Ògúnlàdé láti inú ilé. Ògúnlàdé àti Waliyullah, wẹ́dà adití tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń pàdé ní Iyana Iyesi, ń fi ọ̀pá irin yọ irin ojú fèrèsé náà. Ẹfúnkẹ́ ti fọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ gun orí tábìlì, omi ti dé àyà rẹ̀. Ó ń fọwọ́ júwe fún Waliyullah irin tí ó ti dípẹtà. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ Mùíbátù pé, "Bàbá Ọ̀ṣìnúbí tí kò ríran ní ilé kejì ńkọ́? Òun nìkan ló wà nílé."

Mùíbátù ní, "Wọ́n ti gbé e jáde. Ìgbà tí o sọ ọ́ ni wọ́n lọ."

Afọlábí ṣí ilẹ̀kùn, ó sì pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹfúnkẹ́ ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ rọra máa rìn. N kò ní já bọ́."

Afọlábí bú sẹ́kún nínú omi. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mùíbátù tó wà lókè, ó béèrè, "Kí ló dé tí o kò dárúkọ mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

Ẹfúnkẹ́ ní, "Mo ti dárí jì yín kí n tó gba máìkì."

Afọlábí yíjú sí Ògúnlàdé. "Jésù tí o ní ó ń wá mi yìí, kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Ògúnlàdé ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, Ó sì ti kú nítorí rẹ̀. Má fi nǹkan kan pa mọ́ fún un mọ́."

Afọlábí kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ó dárúkọ ohun tó ṣe, kò pè é ní ààbò mọ́. Ó bẹ Jésù kó gba òun là, Jésù sì gbà á.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó jẹ́wọ́ fún àwọn onílé, ó fi ipò alága sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi Ẹfúnkẹ́ sínú ìgbìmọ̀. Wọ́n fura sí i. Ẹnìkan ní, "Ọgbọ́n ni. Ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ máa gbà darí wa." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò jà.

Bàbá Ọ̀ṣìnúbí ló dìde. Ó ní, "Èmi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn Afọlábí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí gbogbo yín gbàgbé mi, obìnrin yìí rántí mi, omi sì wà láyà òun náà."

Wọ́n yan Ẹfúnkẹ́, wọ́n yan Waliyullah pẹ̀lú. Lónìí, Ẹfúnkẹ́ ni alága ìgbìmọ̀ náà. Òun ló ń ṣáájú wọn lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ lórí gọ́tà àdúgbò. Wọ́n ti gbẹ́ apá kan, ó kù apá kan. Àwọn mìíràn ṣì ń kùn sí i.

Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí ńkọ́? Bóyá o ti ń fura sí ìwé kékeré yìí náà, ò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kì í lè fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ta ni o fojú kéré nítorí ara rẹ̀, tí Ọlọ́run sì fẹ́ lò láti ṣáájú rẹ? Kí ni ò ń pè ní ìfẹ́ tí ó jẹ́ ìgbéraga?

Afọlábí fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù. Ìwọ kò mọ ìgbà tí tìrẹ yóò dé. Níbi tí o wà yìí, nínú mọ́tò tàbí lẹ́nu iṣẹ́, sọ fún Jésù pé, "Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo gbà pé o kú fún mi. Wá gbà mí." Kò ní lé ọ. Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni tí o ti fojú kéré, kí o tọrọ ìdáríjì, kí o sì jókòó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Lọ lónìí.