Ó Pa Iná Kó Tó Bojú Wẹ̀yìn

Iná ni Aránṣọ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó dé e sórí. Ìka ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, nítorí látìgbà tí iná ojú ọ̀run ti jó ayé, tí àwọn èèyàn sá wọ abẹ́ ilẹ̀, inú òkùnkùn ni wọ́n wà. Ọkùnrin náà yára fọwọ́ bo fìtílà iwájú orí rẹ̀.

"Má bínú, arẹwà."

"Arẹwà? O ti wá rí mi tán nìyẹn?"

"Fìrí ni mo rí ọ. Ó tó mi."

Atọ́nà ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ ti tún ń hu koríko lókè, òun ló sì ń kó èèyàn gòkè. Ó ń wá, ó ń lọ, títí ọ̀rọ̀ wọn fi di ìfẹ́.

Nígbà tó wá ní òun fẹ́ fi í ṣaya, kí òun sì mú un gòkè, bàbá Aránṣọ fajú ro. "Òkùnkùn ló ti mọ́ wa lára níbí. Bí o bá bojú wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, ìmọ́lẹ̀ ẹ á fọ́ ọmọ mi lójú. Ṣebí olórin Gíríìkì ayé àtijọ́ náà ṣèlérí, tó tún bojú wẹ̀yìn, tó sì pàdánù ìyàwó ẹ̀ lọ́nà ọ̀run?"

"Bàbá, mi ò ní wẹ̀yìn."

"Ẹ máa lọ. Èmi ò kúrò níbí."

Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, Aránṣọ ń kọrin lẹ́yìn kí Atọ́nà tó wà níwájú lè mọ̀ pé òun ń bọ̀. Àfi bó ṣe rántí bàbá rẹ̀. Orin náà já, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Olólùfẹ́ mi?"

 Iná iwájú gbọ̀n, ó sì kú pátápátá. Atọ́nà ti pa á, bẹ́ẹ̀ oòrùn òkè nìkan ló lè tún un tàn. Ọwọ́ rẹ̀ wá ọwọ́ ọmọbìnrin náà kàn.

"Bàbá mi ni," ó ń sunkún.

"Ká padà nígbà náà. Ibi tí o bá wà ni màá gbé."

Ẹnìkan wúkọ́ nísàlẹ̀. "Padà síbo? Pẹ̀lú orúnkún mi yìí?" Bàbá ni! Orin ọmọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé bọ̀. "Atọ́nà, ọmọ mi, o pa iná kó o tó bojú wẹ̀yìn. Mo fún ọ níyàwó."

Níbi tí Atọ́nà ti ń dúpẹ́, ó forí gbá ògiri. "Ta ló máa wá mú wa lọ?" ó béèrè.

"Èmi ni," Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ di aṣọ mi mú."

Ìka tó ń wá ojú abẹ́rẹ́ ló wá ọ̀nà. Lẹ́nu ihò, ó fi ìborùn bojú, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí òwúrọ̀ fi wọlé. Ó rí koríko. Ó rí ewú orí bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọkùnrin náà, ó wò ó, wò ó.

"Ṣé ó ti tó ọ?"

"Kò tíì tó," ni Aránṣọ wí, omijé ọpẹ́ ń dà lójú rẹ̀. "Títí ọjọ́ alẹ́ mi ni màá máa wò ọ́."