Yìnyín Tí Kò Yọ́

Yìnyín inú ife ọkùnrin náà kò yọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, mo sì kà á sí àwàdà, nítorí kò sí ohun tí mi ò lè kà sí àwàdà.

Oṣù Ògún ni. Oòrùn Texas ṣì ń jó ni lára ní ìrọ̀lẹ́. Ilé oúnjẹ tí mo ti ń gbé oúnjẹ fún àlejò wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan létí adágún omi ní Rowlett, níbi tí àwọn tọkọtaya ti máa ń wá lo ìsinmi. Ìta la fi ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí. Ooru náà pọ̀ débi pé bọ́tà ti di òróró lórí gbogbo tábìlì. Níwájú ọkùnrin náà nìkan ni bọ́tà ti dúró gbagidi bí òkúta.

Fèyísọ́lá ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Faye ni wọ́n kọ sí báàjì àyà mi. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti gbọ́n dáadáa kí a tó kó wá síbí. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ láìparí rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kan tí wọ́n bá nínú báàgì ọ̀gá àgbà. Ọ̀pọ̀lọ́ méjì péré ni o, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ariwo tí wọ́n pa.

Eré tí mo fẹ́ràn jù níbi iṣẹ́ ni ti àwọn Yorùbá tó bá wá jẹun. N óò ṣe bí ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Wọn á sọ̀rọ̀ mi dáadáa: irun mi, ìrìn mi, ìyá tí kò kọ́ mi nílé. Bí wọ́n bá wá fẹ́ dìde, n óò kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, n óò ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ bá wa kí ará ilé." Ojú tí wọ́n máa ń ṣe nígbà yẹn dùn ún wò ju sinimá lọ.

Obìnrin náà ń jẹ́ Mosúnmọ́lá. Oyún rẹ̀ ti ga dé àyà. Adédàpọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò lè ju ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ó kẹ̀yìn sí gbogbo èrò, ó kọjú sí ògiri. Ta ló ń wá sí etí omi tí yóò kọjú sí ògiri?

"Ẹ wo èékánná rẹ̀," ni Mosúnmọ́lá wí, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ń yìn mí. "Bíi ti àṣá. Ṣé èyí lè fi ọwọ́ yẹn gún iyán láé?"

"Rọra sọ̀rọ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí ló fẹ́ gbọ́? Ọmọ ibí ni."

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ búrẹ́dì sí i. Inú mi dùn títí dé ìka ẹsẹ̀.

Mo bu omi sí ife wọn. Yìnyín obìnrin náà ti yọ́ tipẹ́, omi rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti ọkùnrin náà ṣì rí bí mo ṣe gbé e wá, igun rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ara ife náà sì gbẹ táútáú. Mo rò pé ó ń pa idán ni. Ó ti ká bébà ìnuwọ́ rẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, imú rẹ̀ wọ́ sí apá kan. Bàbá mi máa ń ká bébà bẹ́ẹ̀ níbikíbi tó bá jókòó sí. Mo ṣebí gbogbo àwọn ọkùnrin ilé wa lọ́hùn-ún ló máa ń ká a.

"Ẹ ti ṣèlérí fún mi," ni Mosúnmọ́lá wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ ní bí a bá ti kúrò nílé, tó bá ku èmi àti ẹ̀yin, ẹ óò sọ ọ́. Èmi nìyí. Ẹ̀yin nìyí."

Adédàpọ̀ ń gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. N kò rí i kó gbé ọ̀kankan sẹ́nu.

"Orúkọ tó bá wù ọ́ ni ká sọ ọ́, Súnmọ́."

"Ṣé orúkọ ni mò ń wí? Ta ni yóò gbé ọmọ yìí dání lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ? Ta ni yóò kì í? N kò mọ ìyá yín, n kò mọ ẹ̀gbọ́n, n kò mọ àbúrò. Bí Yorùbá méjì bá ti ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú wa, ẹ óò ní ká kó. A kó kúrò ní Atlanta. A kó kúrò ní Houston. Dàpọ̀, ṣé ẹ pa ènìyàn ni?"

"N kò pa ẹnikẹ́ni."

"Kí ló wá dé? Ọmọ mi kò ní í wá sáyé bí ohun tí wọ́n rí he lójú ọ̀nà. Ó gbọ́dọ̀ ní ènìyàn." Ó ti àwo rẹ̀ kúrò níwájú. "Bí ẹ kò bá sọ fún mi lónìí, mi ò ní í bá yín padà sílé."

Mo ti dúró sí tábìlì kejì, mò ń nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn díẹ̀, ó rí mi, kò kà mí sí. "Oríkì nìkan ni mo lè fún ọ," ni ó wí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin lé àwo:

"Ọmọ a-jí-pọnmi kílẹ̀ tó mọ́. Ọmọ onílẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan kọjú sọ́nà, ọ̀kan kọjú sódò."

Àkísà ọwọ́ mi dúró. Ohun tí Dádì máa ń sọ sí mi létí láàárọ̀ ọjọ́ ìbí mi nìyẹn, àti ní àwọn ọjọ́ díẹ̀ tí mo bá ṣe dáadáa. Kì í ṣe oríkì ìlú. Agbo ilé wa nìkan ló ni ín.

"Kò dún bí èyí tó parí," ni Mosúnmọ́lá wí.

"Ó ku ẹsẹ̀ kan. Nílé wa, ẹni tó ni oríkì kì í ki ara rẹ̀ parí. Ará ilé ẹni ló ń bá ni parí rẹ̀."

"Níbo wá ni ará ilé yín wà?"

Ó ń yí ọkọ̀ bébà náà kiri lórí tábìlì.

Ẹ wo irú oríire bẹ́ẹ̀! Mo ti ń ṣe eré yìí ọjọ́ ti pẹ́, irú èyí kò bọ́ sí mi lọ́wọ́ rí. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo bu kéèkì ṣokoléètì sínú àwo, mo gbé e jáde. Mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo gbé kéèkì náà síwájú rẹ̀, mo sì fi ohùn Dádì gan-an sọ ọ́:

"Ẹni tó bá gba tòdò jáde, ó ti délé."

Mosúnmọ́lá pariwo, ó pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ó gbọ́ Yorùbá! Olúwa mi ò! Àbúrò, jọ̀ọ́, èékánná rẹ dára, èmi ni ojú mi kò dára!" Ó ń rẹ́rìn-ín débi tó fi di ikùn rẹ̀ mú.

Ọkọ rẹ̀ kò rín. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀, mo sì rí gbogbo ojú rẹ̀ nínú oòrùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú tí mo máa ń rí nínú dígí ni. Ìpéǹpéjú mi. Àgbọ̀n mi.

"Ọmọ ta ni ọ́?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ìwòsàn lọ.

"Ọmọ Akin ni mí, sà."

"Akin." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó tọ́ oúnjẹ kan wò lẹ́yìn ọdún púpọ̀. "Akin kékeré. Ó ti wá dàgbà débi tó ń bímọ."

Ó gbé ọwọ́ lé ikùn ìyàwó rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ó ti ní ènìyàn báyìí, Súnmọ́," ni ó wí. Ó dìde.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń bọ̀."

Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà níbi tí a ti ń jẹun yẹn. Ọ̀kan bọ́ sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Èkejì bọ́ sí orí afárá pákó tó wọ inú adágún. Ti omi ló gbà. Kò sáré. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn sí tábìlì, mo rí i pé gbogbo yìnyín inú ife rẹ̀ ti di omi. Ara ife náà ń làágùn wọ̀ọ̀wọ̀, bọ́tà rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sórí aṣọ tábìlì. Nígbà tí mo tún wo orí afárá, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Omi kò tilẹ̀ rú.

Jessica, máníjà wa, kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde, wọ́n wá a ká gbogbo ọgbà. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n wá a lórí omi. Mọ́tò rẹ̀ wà níbi tó gbé e sí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bébà. Mosúnmọ́lá kò kúrò lórí àga. "Ó ní òun ń bọ̀," ni ó ń sọ fún ẹni tó bá súnmọ́ ọn. "Ẹ má palẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ mọ́."

Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo pe Dádì lórí fóònù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde níbi iṣẹ́ rẹ̀, ilé ìkẹ́rù ńlá kan ní Lancaster.

"Dádì, ta ló tún ní oríkì wa ní Amẹ́ríkà?"

"Kò sí. Èmi nìkan ló kù."

"Ọkùnrin kan ki oríkì náà níbí. Dàpọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é."

Mo gbọ́ mọ́tò tó ń kọjá lára rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.

"Fèyí, ṣé ó ká bébà?"

"Ó ká ọkọ̀ ojú omi. Imú rẹ̀ wọ́."

"Gbọ́ mi dáadáa. Má dá a lóhùn. Bó bá kì í, má bá a parí rẹ̀."

"Mo ti bá a parí rẹ̀, sà."

Nígbà tí Dádì dé, Mosúnmọ́lá fi fọ́tò kan hàn án nínú fóònù rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó ní, èyí tó jí yà nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sùn. Dádì fa àga, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí," ni ó wí. "Odò ló gbé e lọ nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé. A rí òkú rẹ̀. Èmi ni mo bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sí i lórí." Ó fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù náà. "Ẹ wò ó. Ó ti wá di àbúrò mi."

Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, tí mo sì máa ń fi rẹ́rìn-ín: àkúdàáyà, ẹni tó kú ní ìlú kan tó tún ń gbé ayé ní ìlú mìíràn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń gbéyàwó, níwọ̀n ìgbà tí ojú tó mọ̀ ọ́n kò bá tíì rí i. Bí ará ilé bá ti dá a mọ̀, kò lè dúró mọ́.

Mosúnmọ́lá wò mí. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. "Ẹ bá mi pè é padà," ni ó wí fún Dádì.

Dádì ṣí fìlà rẹ̀. "Ìyàwó wa, a kì í pè wọ́n."

Ilé wa ni Mosúnmọ́lá ń gbé láti ọjọ́ náà, ilé wa sì ni ó gbé ọmọ wá láti ilé ìwòsàn. Ọmọkùnrin ni. Ó sọ fún Dádì pé Olúwatìmílẹ́hìn ni òun fẹ́ kí ó máa jẹ́. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, ilé kún. Pásítọ̀ wá, oyin àti iyọ̀ wà lórí tábìlì, àwọn obìnrin ń ti ara wọn ní ilé ìdáná. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé ọmọ.

Ẹ mọ̀ mí. Ife omi oníyìnyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo mú ègé yìnyín kékeré kan, mo fi kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí n rí bí yóò ṣe ṣe ojú. Ó pa ọwọ́ dé mọ́ ọn. Kò sunkún. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Pásítọ̀ gbàdúrà títí, a kọrin títí. Nígbà tí mo ṣí ìka ọmọ náà, ègé yìnyín náà wà níbẹ̀. Ó gbẹ. Kò dín.

Dádì ti dìde. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè. Mosúnmọ́lá dúró tì í, ojú rẹ̀ ń dán. Ohun tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà tó ti lóyún ló fẹ́ rí yìí.

"Ọmọ a-jí-pọnmi kílẹ̀ tó mọ́," ni Dádì wí. "Ọmọ onílẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan kọjú sọ́nà, ọ̀kan kọjú sódò. Ẹni tó bá..."

"Ejò!" ni mo kígbe. "Ejò wà lábẹ́ àga! Ó dúdú, ó gùn!"

Ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Pásítọ̀ gun orí tábìlì, ó tẹ oyin mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ya sí ìta, ìkòkò ọbẹ̀ dojú dé. Nígbà tí wọ́n wá gbogbo ilé tí wọn kò rí ejò, Dádì wò mí bí ẹni tó rí ẹrù tí kò ṣeé tà. "Ìwọ yìí," ni ó wí, "ọjọ́ wo lo máa gbọ́n?" Mosúnmọ́lá nìkan ló bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ adágún, a kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ohun tí mo rí fún un; Dádì ní tirẹ̀ kò ní í gbà mí gbọ́ mọ́.

Tìmílẹ́hìn ti ń rìn báyìí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Dádì sì ti búra pé lọ́tẹ̀ yìí, òun óò kì í parí, bí ejò kún ilé bí kò kún un. Mo ti ra ejò oníke kan. Mo ti mọ bí a ṣe ń mú kí aago ìdágìrì iná ké. Mo ní ọ̀pọ̀lọ́.

Ṣùgbọ́n ilé wa ní ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan ṣí sí títì. Láàárọ̀ àná, ìbínú Dádì ru nítorí pé ẹnì kan ti kan ìṣó mọ́ èkejì, èyí tó ṣí sí odò kékeré ẹ̀yìn ilé, ìṣó gbọọrọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò bi mí léèrè. Ó mọ̀ pé èmi ni. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ibẹ̀ ni mo bá ọmọ náà kí n tó kàn án. Ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn náà, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń wo omi.