Kì í Ṣe Àkàbà Ló Fà Á

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ mi, olè ni mo pè é. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ po ọ̀dà, nígbà tí mo padà dé, àkàbà mi ti pòórá. Mo bá a ní yàrá kejì. Ọkùnrin kan dúró lórí rẹ̀, ó ń so wáyà mọ́ àjà, ó sì ń súfèé.

"Ẹ̀yin olè yìí, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí nǹkan mi kí n tó gbọ̀n yín dànù."

Ó wò mí láti òkè. "Ẹ má bínú, ọ̀gá ọlọ́dà. Mo rò pé ti bíríkìlà ni. Mi ò mọ̀ pé obìnrin ló ń kun àjà níbí."

"Ẹ ti wá mọ̀ báyìí."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé àkàbà náà padà fún mi fúnra rẹ̀, ó tún fi aṣọ nu ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀. Inú tún bí mi sí i. Ó máa ń rọrùn fún mi láti bá ẹni tí kò mọ̀wàá hù jà.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá kan la jọ ń ṣe. Òun ń fa wáyà, èmi ń kun ògiri. Oníná ni gbogbo wa ń pè é. Kó tó pẹ́, ó ti ń wá yá tẹ́sítà lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń yá irinṣẹ́ oníná lọ́wọ́ ọlọ́dà? Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní pa á mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo lọ ra tẹ́sítà kan sínú àpò mi, kó lè rí nǹkan yá.

Ẹ̀yìn mi ló fẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn gan-an ni, níbi tí bẹ́líìtì ń dé. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo jókòó, ó ń dùn mí, mo dùbúlẹ̀, ó ń dùn mí. Gbogbo ayé ló sì mọ ohun tó fà á, àfi èmi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà, ní àkàbà ni. "Ṣebí mo ní kí o lọ kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń jókòó ṣe? O ní o ò gbọ́!"

Nígbà tí Oníná mú mi lọ kí ìyá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, màmá rí i pé mo di ògiri mú kí n tó lè jókòó.

"Ìyàwó mi, iṣẹ́ ọkùnrin lo lọ gbé lé ẹ̀yìn obìnrin. Tí o bá máa fẹ́ ọmọ mi, o máa sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà yẹn. Ẹ̀yìn yẹn lo máa fi pọn ọmọ."

"Màmá, ẹ má bínú, mi ò ní sọ̀kalẹ̀."

Oníná tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo tẹ tiẹ̀ padà.

Nígbà tí a jáde, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n bá ẹ kun àjà fún odidi oṣù kan. Má gun nǹkan kan. Jẹ́ kí ẹ̀yìn yẹn sinmi, ká wò ó."

Mo gbà fún un. Ẹ ò rí àjà tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí! Ọ̀dà wà nínú irun rẹ̀, ó wà ní etí rẹ̀, ó wà nínú tíì rẹ̀. Orí àjà nìkan ni kò fẹ́ dúró sí. Mo jókòó sórí garawa òfìfo, mo ń pàṣẹ fún un, ó ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," mo ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Bóyá n kò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan oṣù mi dé, ẹ̀jẹ̀ náà sì pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀yìn náà bá a dé. Mo ká jọ sórí sìmẹ́ǹtì bí àkísà.

Oníná fò sílẹ̀. "Ṣé o gùn ún nígbà tí mo lọ jẹun ni?"

"Ìwọ lo wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀!" Igbe ni mo fi dá a lóhùn. "Tó bá jẹ́ àkàbà ni, ẹ̀yìn tìẹ ni ì bá máa dùn!"

A ń wo ara wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sẹ́yìn. Nígbà tí òjò dá iṣẹ́ dúró, ó dùn mí. Nígbà tí mo lọ sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tí mi ò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì, ó dùn mí. Nǹkan oṣù mi ló ń bá rìn. Kò bá àkàbà rìn rí.

Dókítà obìnrin la bá ní ọsibítù. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n dìde, ó tẹ eegun ẹ̀yìn mi wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò dùn mí. Ó rọra fi ìkúùkù kan ẹ̀gbẹ́ mi lẹ́yìn, ó ní kíndìnrín lòun ń yẹ̀ wò. Kò dùn mí. Nígbà tó tẹ ìsàlẹ̀ ikùn mi, mo fò sókè. Wọ́n wá ya àwòrán inú mi.

"Kò sí nǹkan tó ṣe eegun ẹ̀yìn rẹ," ó wí. "Ìju, kókó ẹran, ló wà nínú ilé ọmọ rẹ. Ó ti tóbi, apá ẹ̀yìn ló sì kọjú sí, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan inú ikùn ló máa ń fa ẹ̀yìn ríro, táwọn èèyàn á wá máa fi oògùn ra ẹ̀yìn lásán."

"Àkàbà ńkọ́?"

"Àkàbà wo?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo bi í bóyá mo lè bímọ.

"A máa yọ ìju náà, a ó sì sapá kí ilé ọmọ má bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí fún ẹ."

Oníná gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ìta. Ìgbà yẹn ló wá sọ pé, "Jọ̀ọ́, jẹ́ ká ṣì máa pè é ní ẹ̀yìn lọ́dọ̀ màmá mi. Tá a bá ti ṣègbéyàwó tán, mo máa rọra sọ fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi náà bẹ̀ mí. "Àbúrò mi, ẹ̀yìn dídùn kì í tú ìgbéyàwó ká. Ilé ọmọ ni wọ́n máa ń sá fún. Pa ẹnu ẹ mọ́."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Bí mo bá la ẹnu, mo lè pàdánù ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì jókòó ní pálọ̀ màmá, màmá sọ̀rọ̀ mi dáadáa. "Ọmọ gidi ni. Ẹ̀yìn nìkan ló ń dà á láàmú, iṣẹ́ ọ̀dà yẹn ló fà á. Ó máa fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ á sì yá."

Wọ́n ń mi orí. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló le jù.

Mo dìde. "Màmá, ẹ̀yìn mi kò ní àìsàn kankan. Ìju ló wà nínú ilé ọmọ mi. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Mo lè bímọ, mo sì lè má bí. Iṣẹ́ mi kò jẹ̀bi, mi ò sì ní fi í sílẹ̀ láti fi bo irọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mi, kó fẹ́ mi pẹ̀lú òótọ́ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó sọ ọ́ báyìí."

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́?"

Oníná ń wo bàtà rẹ̀. Mo mú báàgì mi. Ọkàn mi ti fọ́, ṣùgbọ́n mo gbé orí mi sókè. Mo ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ní kó purọ́ fún yín, torí pé ẹ̀rù yín ń bà mí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo yín."

"O sì máa fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Bó ṣe wà yìí gan-an, Màmá. Mo fẹ́ ẹ."

Màmá dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

A ṣègbéyàwó ní kóòtù kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá wa jẹ́rìí, ó ń sunkún, ó ń bú mi, ó sì ń tún kọ́là mi ṣe. Màmá kò yọjú.

Wọ́n yọ ìju náà, wọ́n sì rí ilé ọmọ mi fi sílẹ̀. Nígbà tí mo lajú, ọkọ mi ti lọ ra omi. Mo gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹbí nìkan la gbà láàyè. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Mo dá ohùn olùkọ́ náà mọ̀ nígbà tó dáhùn.

"Ìyá ọkọ rẹ̀ ni mí."

Ó wọlé, kò sí àga níbẹ̀, ó kàn dúró, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Mo di ojú mi. Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn sún ẹsẹ̀ mi kúrò létí bẹ́ẹ̀dì, kó lè ríbi jókòó.